Aṣọ Jọ́ọ̀jì Pápá Chinda

Dámilọ́lá, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ kọ́kọ́ forí jì mí. Orí mi ò mú nǹkan dání mọ́ bíi tàtijọ́. Orúkọ àwọn ẹlòmíì ti bọ́ lọ. Ọdún tó ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò lè sọ, àfi kí n sáà sọ pé àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà náà, irun mi sì dúdú. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí, ìyẹn ò bọ́ lọ. Mi ò kàwé, mi ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dámilọ́lá, ìyá rẹ àgbà bá mi gbé títí ó fi kú, mi ò sọ ọ́ fún un. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pa mọ́. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni.

Port Harcourt ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Òrùka irin là ń ṣe, àwọn ńláńlá tí wọ́n fi ń so páìpù epo mọ́ra wọn. Iṣẹ́ tèmi ò le. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ ìdí ẹ̀rọ, tí mo máa ń kó èérún irin dànù, tí mo sì máa ń fi ọ́ìlì síbi tí wọ́n bá ní kí n fi í sí.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ti òkè òkun dé, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀. Èèyàn á tẹ ohun tó bá fẹ́ sí i lára, á wá fúnra ẹ̀ gẹ́ irin bí wọ́n ṣe wí fún un gẹ́lẹ́. Kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Oyinbo la sọ ọ́. Tó bá dákẹ́, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ á ní, "Oyinbo don go leave."

Ẹni tó ń yẹ àwọn òrùka náà wò ni Pápá Chinda. Ọmọ Ikwerre ni, ará Rumuodara. Ó ní yàrá kékeré kan tiẹ̀. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan wà láàárín ẹ̀, tó ń dán bíi dígí, orí ẹ̀ ló ti máa ń wọn nǹkan. Òrùka tó bá dára, á lu òǹtẹ̀ irin sí i lára. Èyí tí ò bá ní òǹtẹ̀ yẹn, kò ní jáde ní géètì.

Àmọ́ kì í wọn òrùka bó ṣe ń ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀. Á kọ́kọ́ tò wọ́n sórí òkúta, á fi aṣọ bò wọ́n. Aṣọ jọ́ọ̀jì pupa kan ni, tó ti ṣá, ara ìró ìyàwó ẹ̀ àtijọ́ ló ti gé e. "Make e sleep first." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, Pápá, kọrin fún un kó lè tètè sùn. Á ní kí wọ́n lọ pe bàbá wọn wá kó wá kọ ọ́. Á jókòó ti àwọn òrùka ẹ̀, á máa fa aáṣáà símú, kò ní dá wọn lóhùn mọ́.

Ó kú. Àìsàn náà ò pẹ́ lára ẹ̀. Gbogbo wa la lọ sin ín ní Rumuodara, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló gbé wa lọ. Mo dúró nítòsí pósí. Kí wọ́n tó dé e, ìyàwó ẹ̀ mú aṣọ jọ́ọ̀jì yẹn, ó tẹ́ ẹ sí i láyà, ó rọra fọwọ́ tò ó. Mo rí i. Wọ́n kan ìṣó, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi náà bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọbìnrin kan dé, Títí lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, Alakahia ló gba yàrá sí. Iléèwé ẹ̀ ló ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fún oṣù mélòó kan. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí Oyinbo máa tẹ̀ lé ló wá kọ́, àti bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò bóyá ó gún. Wọn ò tíì rí ẹni rọ́pò Pápá Chinda, ni wọ́n bá ní kó máa ṣe méjèèjì. Bó ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Á bu nínú ẹ̀wà ẹ̀ fún mi lọ́sàn-án. Òun á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń dákẹ́ tó mi, pé Oyinbo gan-an ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè é. Ó ní kọ́sítọ́mà ńlá kan ń bọ̀ wá gbé òrùka lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, tó sì gún, òun á buwọ́ lùwé ẹ̀ fún un, òun á sì fi iṣẹ́ dè é dìgbà tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá kọ òrùka náà, kó máa lọ, òun ò ní buwọ́ lu nǹkan kan. Títí sọ fún mi pé láìsí ìbuwọ́lù yẹn, òun á tún ọdún náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá òun ti ní apá òun ò ká ọdún míì mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ kò jẹ ẹ̀wà ẹ̀ tán.

Ló bá ń kánjú. Bí òrùka bá ṣe ń kúrò lẹ́nu Oyinbo báyìí, á ti gbé irin ìwọ̀n lé e, èyí tó máa ń di nǹkan mú bí ọwọ́ alákàn. Gbogbo ẹ̀ ń ṣe déédéé. Á kó o sínú àpótí abẹ́ tábìlì. Ó ní àárọ̀ Mọ́ńdè lòun máa lu òǹtẹ̀ sí gbogbo ẹ̀.

Fúráídè, láàárọ̀, ó pè mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun o, àmọ́ ẹ má bá mi kó wọn jáde nínú àpótí mọ́."

Mo wọlé. Àwọn òrùka ti wà lórí òkúta, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Aṣọ jọ́ọ̀jì pupa kan bò wọ́n.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ aṣọ yẹn. Mo mọ ibi tí irin gbígbóná ti jó o létí. Àmọ́ mo ní kò burú. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn, kò burú. Ó kó àwọn òrùka padà, ó ká aṣọ náà, ó fi sórí àga. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, kò sí aṣọ lórí àga.

Ọjọ́ kejì, Sátidé. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe òru. Àwọn èèyàn ti lọ sílé, òjò sì ń rọ̀, òjò Port Harcourt yẹn tí kì í mọ̀ pé ó ti tó. Títí gbé èyí tó kẹ́yìn wá láti ìdí Oyinbo, ó tì í bọnú àpótí. Àpótí kún. Mo fojú ara mi rí i. A wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń retí kí òjò náà dá. Ni wọ́n bá mú iná lọ.

Kò ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Oyinbo dákẹ́. Òjò náà wá dà bíi pé àdúgbò míì ló ti ń rọ̀. Mo gbọ́ òórùn aáṣáà.

A ò gbọ́ ìró kankan. Mi ò purọ́. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gbé ọ̀kan nínú irin yẹn, tó o bá sì gbé e kalẹ̀ á dún. A ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ géètì fi tan jẹnẹrétọ̀, tí iná dé, àpótí ti ṣófo. Orí òkúta ni wọ́n wà, pẹ̀lú aṣọ lórí wọn.

Aṣọ yẹn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́. Bí àyà ẹni tó ń sùn.

Títí di apá mi mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń fẹ́?"

Ohun kan péré ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá kan wà ní yàrá yìí tẹ́lẹ̀. Ó máa ń ní kí irin kọ́kọ́ sùn ná."

Ó ń wo aṣọ yẹn ṣáá. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbígbóná ni mò ń wọ̀n wọ́n."

Ó ní wọ́n kọ́ òun, pé irin tó gbóná máa ń wú, tó bá tutù á sún kì, kò sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ní kíláàsì àwọn. Ìkánjú ló gbà á lọ́kàn òun. Mo rò pé ó máa sá. Kò sá. Èmi ni mo fẹ́ sá. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má fi òun nìkan sílẹ̀, ni mo bá jókòó tì í. A jókòó títí aṣọ náà fi dákẹ́.

Ó rọra ṣí i, ó wọn àwọn òrùka. Ojú ihò wọn ti fún jù, páìpù ò lè gbà wọ́n. Ká ní wọ́n gbé wọn lọ bẹ́ẹ̀, kọ́sítọ́mà á dá gbogbo ẹ̀ padà, ibẹ̀ sì ni tiẹ̀ máa parí sí. Ó ní ó ṣì ṣeé tún gẹ́. Ó yí ọ̀rọ̀ tó kọ fún Oyinbo padà. Ọjọ́ Sọ́ńdè, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá a gbé irin. Ó tún gbogbo ẹ̀ gẹ́. Ó tú gèlè orí ẹ̀, ó fi bò wọ́n, òun náà jókòó dúró dè wọ́n. Nígbà tó wá wọ̀n wọ́n, gbogbo ẹ̀ ló gún. Ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé ó ti tán.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn òrùka wà nínú àpótí bá a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Àfi ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo wà lórí òkúta, aṣọ jọ́ọ̀jì bò ó.

Títí wọ̀n ọ́n. Ó gún. Ó tún un wọ̀n, ó gún. Ó dá a padà sínú àpótí, ó lọ ṣan ọwọ́. Kó tó dé, òrùka náà ti padà sábẹ́ aṣọ. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ó lu òǹtẹ̀ sí gbogbo èyí tó kù. Kò lu ìyẹn.

Ọ̀gá wọlé. Mọ́tò kọ́sítọ́mà ti wà ní géètì. Ó wo àpótí, ó wo òkúta. Ó ní kó lu èyí tó kù kí wọ́n máa kó o lọ.

Títí ní, "I no fit, sah."

"Wetin do am?"

"Nothing do am, sah."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó mọ ohun tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ dànù. Títí ní òun mọ̀. Mo mọ̀ pé ìyá ẹ̀ ló ń rò. Ó gbé òòlù àti òǹtẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ mú wọn. Ó ṣí aṣọ.

Òkúta lásán ló wà níbẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà nínú yàrá yẹn. A jọ rí bí aṣọ náà ṣe ga sókè lórí irin yẹn, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ pa òkúta náà, ibi tó ṣófo. Ó gbé imú sókè díẹ̀, mo sì mọ ohun tó gbọ́ òórùn ẹ̀, torí èmi náà gbọ́ ọ. Òun àti Pápá Chinda ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó wá ṣe ohun tí mi ò retí. Ó tẹ́ aṣọ náà padà, ó rọra fọwọ́ tò ó.

Ó ní, "Tell dem say one remain." Ó jáde.

Kọ́sítọ́mà gba ìyókù, wọn ò rí àléébù kankan. Ọ̀gá buwọ́ lùwé Títí, àmọ́ kò wojú ẹ̀. Ó ní kó má padà wá tó bá ṣe tán, pé iṣẹ́ yẹn ò sí mọ́. Títí ní ẹ ṣé, sà. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, aṣọ náà ti lọ. A wá òrùka yẹn títí, a ò rí i. Títí parí ìwé ẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí.

Ó pẹ́ kí n tó kúrò ní Port Harcourt. Nígbà tí mo délé sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí mo ń tú ẹrù, mo bá nǹkan kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Aṣọ jọ́ọ̀jì pupa ni, wọ́n fi di nǹkan, wọ́n so ó ní kókó. Ohun tó wà nínú ẹ̀ wúwo. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀. Mi ò tú u. Mi ò tíì tú u títí di òní.

Dámilọ́lá, má wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Máa kọ̀wé ẹ.

Mi ò mọ ohun tó ṣe òrùka yẹn. Mi ò sì mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló wá. Nígbà míì, lọ́sàn-án báyìí, tí ilé bá pa rọ́rọ́, mo máa ń gbọ́ òórùn aáṣáà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fà á nílé yìí. Mi ò bẹ̀rù mọ́. Mo máa ń jókòó tì í ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ irin, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, tẹ́ ẹ bá bá nǹkan tí wọ́n fi aṣọ bò, tẹ́ ò sì mọ ẹni tó bò ó, ẹ má ṣí i. Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ọmọ mi náà, tí mo bá kú, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ìdì yẹn ṣe. Ẹ sáà má tú u.

Ó tó. Wá kà á fún mi kí n gbọ́. Gbóhùn sókè díẹ̀, etí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Má gbóhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ń sùn.