Ilẹ̀kùn Mẹ́rìndínlógójì, Fíìmù Kan

Ilé mẹ́rìndínlógójì ló wà ní àdúgbò wa ní Jaro, ní ìlú Iloilo ní ilẹ̀ Philippines, fíìmù kan sì máa ń ya fọ́tò mẹ́rìndínlógójì. Bóyá Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, Nang Salving, ẹni tí a fi “Nang” pè nítorí pé àgbà obìnrin ni, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ní ọjọ́ àjọ̀dún Candelaria, ọdún Màríà Wúńdíá, tí gbogbo ilé máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù lè wọlé jẹun, òun a gbé kámẹ́rà kọ́rùn, a sì ya ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Fọ́tò kan fún ilé kan. Tirẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn.

Aránṣọ ni. Aṣọ ilé ìwé ló fi ń jẹun, àmọ́ kámẹ́rà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ ni ìfẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó fọwọ́ kan bọ́tìnì kékeré kan lábẹ́ kámẹ́rà láìmọ̀, fíìmù kò sún, ni fọ́tò méjì bá gun ara wọn: Padre, àlùfáà tó wá súre fún wa, jáde pẹ̀lú orí ewúrẹ́ Nong Pidoy, aládùúgbò wa. A kò tíì rẹ́rìn-ín yẹn tán títí dòní.

Àwọn ọmọdé a máa bi í pé kí ló dé tí kò lo fóònù bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn ìyá wọn ló máa ń dá wọn lóhùn, torí lọ́dún tí omi yalé, tó gbé bẹ́ẹ̀dì, tó gbé àwo, tó gbé fọ́tò ìgbéyàwó àti fóònù lọ, agolo bísíkíìtì tí Nang Salving ń kó àwọn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ sí wà lókè àjà. Inú agolo yẹn ni púpọ̀ nínú wa ti rí ojú òkú wa padà.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, fíìmù pọ̀ lórí igbá bí ọṣẹ. Ọgọ́rùn-ún peso àti àádọ́ta sẹ́ńtímó, ó parí. Nígbà tó yá ó di igba, ó di irinwó, ó di ẹgbẹ̀ta, wọn kò sì jẹ́ kéèyàn mí láàárín. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Uy, tó ń fọ fọ́tò nítòsí ọjà, ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó wá ń ta àpò fóònù. Fíìmù tí èèyàn bá yà gbọ́dọ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Manila kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

“Nang, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń béèrè é,” ni Uy sọ fún un. “Tí mo bá kó márùn-ún wá, mẹ́rin á bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́.”

“Kó méjì wá nígbà náà.”

“Wọn kì í ta méjì.”

Rhodelyn ló gbà á sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Rhodelyn ní Dubai, ìyá rẹ̀, Nang Luming, ló ni ilé tó dojú kọ ti Nang Salving. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń fi fíìmù kan sínú páálí ẹrù tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá ni Nang Luming kú. Wọ́n ti ilé náà pa, páálí ọdún yìí sì wá tààrà sọ́dọ̀ Nang Salving.

Ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún ló tú u. Ó yọ ọṣẹ, ó yọ ẹran inú agolo, ó yọ fíìmù. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀: “Nang, eléyìí nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, ìlọ́po méjì iye tọdún tó kọjá ni mo rà á.” Ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wò ó. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Rhodelyn kò mọ̀ pé iye fọ́tò tí fíìmù ń yà máa ń yàtọ̀. Lójú tirẹ̀, fíìmù ni fíìmù.

Nang Salving jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ni òun fẹ́ sọ fún ilé méjìlá?

Ó kọ́kọ́ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ki fíìmù bọ inú kámẹ́rà nínú òkùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó làágùn bí ẹni tó ń se ìrẹsì fún ọgọ́rùn-ún àlejò, àmọ́ ó rí fọ́tò méjì jèrè. Ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nong Pidoy àti àbúrò rẹ̀ Ontoy, tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí omi ẹ̀rọ, ògiri kan náà ni ilé wọn pín. Ó máa fà sẹ́yìn, á ya ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀. Ó wá ku ilé mẹ́sàn-án tí fọ́tò kò lè kárí. Ilé mẹ́sàn-án ló sì wà tí àwọn tó ni ín ti lọ ṣiṣẹ́ sókè òkun tàbí tí wọ́n ti kú. Kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú wọn, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ó yọ wọ́n. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó kàn yọ wọ́n ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ya ogún ilé àti díẹ̀ láìfi ẹyọ kan ṣòfò. Pidoy àti Ontoy dúró, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn.

“Ṣé ẹ fẹ́ ya èmi náà pọ̀ mọ́ ewúrẹ́ ni?” ni Ontoy wí, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Nang, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́,” ni Pidoy fèsì.

Ní ìparí, Pidoy gba kámẹ́rà, ó ya Nang Salving tó jókòó lórí àga níwájú ilé tirẹ̀, nínú aṣọ funfun. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ́ fíìmù kọ̀, kò lọ mọ́. Ó ti tán.

Wọ́n ń jẹun nígbà tí Rhodelyn pè, ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù nínú aṣọ iṣẹ́.

“Ẹ kú ọdún, Nang. Ṣé ẹ ti ya tiwa?”

Síbí dúró lọ́wọ́ Nang Salving. “Mo ti yà á.”

“Ẹ gbá iwájú ẹ̀?”

“Mo gbá a, Inday, ọmọ mi.”

“Ẹ ṣé o. Ẹ mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kí n wá sìnkú Nanay mi. Mi ò tíì rí ilẹ̀kùn yẹn rí láìsí òun níwájú ẹ̀. Mo fẹ́ rí i, bóyá ọkàn mi á gbà.”

Nígbà tí fóònù kú, Nong Pidoy ṣì ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ. “Nang, irọ́ lẹ pa yẹn o. Èmi ni mo ya èyí tó gbẹ̀yìn.”

“Jẹun ẹ.”

“Mò ń jẹun. Mo kàn sọ ọ́ ni.”

“Tó bá jẹ́ o ní fíìmù lápò, mú un wá. Tí o ò bá ní, pa ẹnu dé.”

“Ewúrẹ́ nìkan ni mo ní.”

Nang Salving gbé síbí sílẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ẹni tó ra fíìmù gan-an ni òun yọ nínú fíìmù. Ó dìde, ó mú kámẹ́rà àti ìgbálẹ̀, ó sọdá.

Ó gbá iwájú ilẹ̀kùn Nang Luming mọ́, kí ìyẹn ó kéré tán lè jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ bọ́tìnì kékeré abẹ́ kámẹ́rà, èyí tó ṣèèṣì fọwọ́ kàn lọ́dún àkọ́kọ́, ó di ọwọ́ tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà mú ṣinṣin, ó fa ọ̀pá. Ó lọ. Fíìmù kò sún. Fọ́tò tirẹ̀ ṣì wà lẹ́nu kámẹ́rà, ohun tó bá yà báyìí á gùn ún, ó sì lè ba méjèèjì jẹ́. Ó ya ilẹ̀kùn dúdú náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Manila fi dá a padà. Oorun tó sùn láàárín wọn kò tó nǹkan. Nígbà tó já àpò ìwé náà, èyí tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wá. Ilé tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ilẹ̀kùn Nang Luming ló hàn, tó tì, tí iwájú rẹ̀ mọ́, ìyá kan tó wọ funfun sì jókòó síbẹ̀, igi ilẹ̀kùn ń hàn láti ara rẹ̀.

Ó fi fóònù ọmọ Pidoy ya á, ó fi í ránṣẹ́ sí Rhodelyn. Rhodelyn pè, ojú rẹ̀ sì hàn lórí fóònù.

“Nang, ta ló jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wa?”

“Èmi ni, Inday. Irọ́ ni mo pa fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. Fíìmù ti tán, mo sì ti yọ yín. Orí tèmi ni mo ya tiyín lé. Dárí jì mí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí o bá rí òmíràn, màá ya ilẹ̀kùn nìkan, màá kúrò níbẹ̀.”

“Mo ti wá a kiri, Nang. Kò sí mọ́ níbí.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Ẹ má kúrò níbẹ̀.”