Labalábá Àyà Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ni mo máa ń bá ìyá mi fi píìnì ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sí àyà aṣọ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí labalábá ni wọ́n ṣe píìnì náà, aláwọ̀ wúrà ni, ìyẹ́ rẹ̀ kan sì ti kán díẹ̀. Màá ti pọnmi, màá ti gbálẹ̀, òórùn àkàrà á sì ti gba gbogbo agboolé, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú yàrá: ‘Ràbí, wá jẹ́ kí labalábá bà.’

Á wá bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, òórùn atíkè á máa ta sánsán lára rẹ̀. Bí píìnì bá wọ́, á fa etí mi, màá sì tún un ṣe. Alhájà, ìyá bàbá mi, kì í dákẹ́ lórí ẹní tó fi ń kírun. Á ní, ‘Labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.’ Ìyá mi tó jẹ́ táípíìsì á fèsì pé, ‘Màmá, ẹyẹ wo ló mọ ìwé tẹ̀?’ Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ibà mú ìyá mi, a rò pé eré ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò jẹ́ kí n wọ yàrá, wọ́n ní ìyá mi ń lọ sírìn àjò. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán tí wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo rí i pé àyà rẹ̀ ṣófo, mo bá sáré lọ mú píìnì. Ó ṣe tán, kì í jáde láìsí labalábá.

Alhájà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, ‘Ọmọ mi, ibi tó ń lọ, a kì í mú ọ̀ṣọ́ lọ.’ Obìnrin tó máa ń fi òwe gún ìyá mi lára wá ń sunkún bí ọmọdé. Ó dùn mí pé wọn ò jẹ́ kí n fi sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Lónìí, wọ́n ti wó agboolé wa, ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oníkàn, píìnì yẹn ni mo sì ń fi sáyà lọ. Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ ń pè mí ní Àǹtí Labalábá, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé mo ti dàgbà ju iye ọdún tí ìyá mi lò láyé lọ báyìí. Bí èmi àti ìyá mi bá pàdé lójú títì, òun ló máa kúnlẹ̀ kí mi bí ẹ̀gbọ́n, kò sì ní mọ̀ pé ọmọ òun ni mí.