Bí Mo Ṣe Gba Orúkọ Bàámi Padà Lórí Rédíò Ṣọ́jà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí Bùrọ̀dá Jídé fojú mi rí, àti ohun tí èmi náà fojú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní ó ti pẹ́, kí n gbàgbé. Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ gbàgbé?

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ogun abẹ́lé parí nígbà náà. Akọ̀wé ni mí ní sítọ́ọ̀ rélùwéè ní Òṣogbo, Sìsí Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọmọ Iléṣà ni wá, àmọ́ iṣẹ́ ló gbé bàámi dé Òṣogbo. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú bátìrì iná inú ọkọ̀ ojú irin ni bàámi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń pè wọ́n ní Bàbá Bátìrì. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Èmi nìkan lọmọ tí wọ́n bí tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oríṣi bátìrì méjì ló wà? Èyí tó wà nínú mọ́tò, omi ásíìdì ló ń mu. Èkejì, tí rélùwéè ń lò, omi pọ́táàṣì ló ń mu. Kì í ṣe kán-ún tí ẹ fi ń se ẹ̀wà o, pọ́táàṣì tó lè bó èèyàn láwọ ni. Bàámi kì í jẹ́ kí àwọn omi méjèèjì fojú kanra. Fọ́nẹ́ẹ̀lì ti ọ̀kan lọ́tọ̀, ti èkejì lọ́tọ̀, àkísà tí wọ́n fi ń nu ìdí wọn pàápàá lọ́tọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí ásíìdì bá kán sínú bátìrì pọ́táàṣì, ọjọ́ náà ni bátìrì náà kú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjọ wa ní Iléṣà ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Kò sí tẹlifóònù níbẹ̀, kò sí iná. Bí ìbímọ bá dojú rú, àfi kí ẹnì kan lọ dúró lẹ́bàá títì, kó máa na ọwọ́ sí mọ́tò tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, kó tó lè wá pe dókítà ní Iléṣà. Obìnrin méjì ti kú kí mọ́tò tó dúró.

Ni ìjọ bá rí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ méjì rà nínú èyí tí àwọn ṣọ́jà kò lò mọ́, ọ̀kan fún Ìpetu, ọ̀kan fún Iléṣà. Ó wúwo bí àpò gàrí, àmọ́ ó dára. Wàhálà rẹ̀ ni bátìrì. Ìlú òyìnbó ni bátìrì rẹ̀ ti ń wá, bó bá sì ti tán, ó tán nìyẹn, kò ṣeé chájì. Kò sì sí ẹni tó ń kó irú rẹ̀ wọlé mọ́. Bí rédíò méjèèjì ṣe jókòó sábẹ́ tábìlì nínú ilé àlùfáà nìyẹn, tí eruku ń bo wọ́n.

Bùrọ̀dá Jídé ló wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń chájì bátìrì mọ́tò nítòsí gáréèjì ní Iléṣà. Ó wà nínú kúáyà ìjọ wa, ohùn rẹ̀ dùn, eyín rẹ̀ funfun. Ó wá sí Òṣogbo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàámi, ó ní òun ti gbìyànjú, òun ò mọ ibi tí òun máa gbà á, ṣé wọ́n lè bá ìjọ ṣe bátìrì kan tó máa ṣeé chájì fún rédíò yìí? Ọwọ́ bàámi ti ń gbọ̀n nígbà náà. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ló máa ṣe é, àwọn á jókòó tì í.

Mo ṣe é. Àwọn àtùpà ọwọ́ tí àwọn gáàdì rélùwéè ń lò tẹ́lẹ̀, tí sítọ́ọ̀ wa fẹ́ kó dà nù, ni mo tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bátìrì pọ́táàṣì kéékèèké ló wà nínú wọn. Agbára ọ̀kan ò ju fóòtì kan àti díẹ̀ lọ, nítorí náà mẹ́wàá ni mo tò tẹ̀léra wọn kó tó di fóòtì méjìlá tí rédíò ń fẹ́. Mo fi òjé jó wọn pọ̀. Káfíńtà kan àpótí fún mi, mo fi kólítà kun inú rẹ̀ kí omi má baà jẹ igi, mo yọ́ àbẹ́là sí àwọn àlàfo tó wà láàárín wọn, mo wá fi awọ ṣe okùn ìfàgbé.

Bàámi jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ojú ibi tí mo jó. Bí ọ̀kan bá mì pẹ́rẹ́, wọ́n á ní kí n tú u. Mo tú òmíràn nígbà mẹ́rin! Nígbà tí àpótí mẹ́ta pé, mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Iṣẹ́ Bàbá Bátìrì àti ọmọ rẹ̀, Òṣogbo. Bàámi ní kí n ka á fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Bùrọ̀dá Jídé wá kó wọn lọ sí Iléṣà. Àdúrà tó gbà fún wa lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè gbọ́ ọ tán.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdúpẹ́, èmi àti bàámi wọ aṣọ ìgbà, a lọ sí Iléṣà. Àpótí mi ló wà lórí tábìlì níwájú ìjọ, àmọ́ mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún lókè nílẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Jídé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàdàgbà. Àlùfáà ní kó dìde kí ìjọ rí i. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó wá ní kí wọ́n fi ògo fún Ọlọ́run, pé lójú àlá ni Ọlọ́run ti fi bí òun ṣe máa tò ó han òun.

Lójú àlá! Bàámi tó fi àtàǹpàkò tẹ ọgbọ̀n bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe bàbá tó máa ń fọ ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo nìyẹn. Bàámi gbọ́ ọ. Wọ́n mú fìlà wọn lórí itan, wọ́n dé e, wọ́n dìde, wọ́n jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ bátìrì mọ́.

Mo lọ bá àlùfáà. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó wá ní kí n ṣọ́ra fún owú jíjẹ, ṣebí ti Ọlọ́run ni gbogbo ògo? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo búra nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé pé Jídé ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ bàámi, níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò ní kó tọrọ àforíjì. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Ṣé ẹ rí i, bátìrì pọ́táàṣì máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń chájì rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Jídé sì ni wọ́n ti ń chájì ti ìjọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó máa fẹ́ omi. Omi òjò tó mọ́ ni bàámi máa ń bù sí i. Mo jókòó, mo ń ka oṣù. Mo sì rọra ń ṣe àpótí kẹrin, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe rò ó náà ló rí. Jídé wá sí Òṣogbo pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá kan lábẹ́ abíyá. Ó kí títí, ó wá ń bi mí bí ẹni tí kò bìkítà pé irú omi wo ni mo máa ń bù sí nǹkan wọ̀nyẹn. Mo bi í bóyá ó ti sọ òótọ́ fún àlùfáà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì ni bátìrì ń jẹ́, pé òun ti ń bu omi sí bátìrì kí n tó mọ gèlè wé.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ lá a, bùrọ̀dá. Ẹ padà lọ sùn, ẹ ó lá omi rẹ̀ náà.”

Ó bínú lọ. A jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ní kí Jídé wá fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bátìrì náà han àwọn nọ́ọ̀sì ní gbọ̀ngàn ìjọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ máa wà níbẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ gbé irú rédíò náà sí Iwaraja, wọ́n sì fẹ́ yan ẹni tí yóò máa ṣe olórí gbogbo rẹ̀. Mo bẹ bàámi títí wọ́n fi gbà láti bá mi lọ. Mo fi ìró wé àpótí kẹrin, mo gbé e sínú báàgì.

Jídé wọ kóòtù, ó ti so bátìrì mọ́ rédíò lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń tàn. Ó ṣí àwọn ìdérí kéékèèké mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ń ṣàlàyé bí tíṣà. Akọ̀wé ìjọ bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́wàá nígbà tí ti mọ́tò jẹ́ mẹ́fà. Ó ní kó lè lágbára ni. Ó wá gbé ìgò kan jáde, ó ki fọ́nẹ́ẹ̀lì bọ ojú àkọ́kọ́.

Mo mọ ìgò yẹn. Ásíìdì mọ́tò ni. Bàámi náà mọ̀ ọ́n, imú wọn ò tíì gbàgbé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Mo fún ọwọ́ wọn padà, wọ́n sì fẹ̀yìn ti àga. Mo ní kí àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà nítòsí tábìlì wá dúró lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ṣé ẹ máa lahùn? Èmi ò lahùn.

Ó dà á. Omi náà dún ṣàà, ó hó, ó ru jáde lójú bátìrì, ó ń ta bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Jídé ju fọ́nẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó fò sẹ́yìn, kóòtù rẹ̀ ti lu káàkiri. Iná rédíò kú. Àlùfáà ní kí lèyí. Jídé ní irin bátìrì náà ò dára ni, ayédèrú ni.

Gbogbo wọn ń wo aago nítorí àsìkò tí Ìpetu máa ń pè lórí rédíò láràárọ̀ ti ń tó. Mo dìde. Mo tú ìró kúrò lára àpótí kẹrin, mo gbé e sórí tábìlì, mo so okùn rẹ̀ mọ́ rédíò. Iná rẹ̀ tàn. Kò pẹ́ tí ohùn Sísítà Táyọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà Ìpetu, fi jáde ketekete, ó ń kí wa káàárọ̀.

Àlùfáà gbé àpótí mi sókè, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo Jídé. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ha ọ̀dà ewé abẹ́ èyí tó bàjẹ́. Lẹ́tà funfun mi yọ jáde, ọ̀rọ̀ kan náà.

Àlùfáà bẹ̀ mí, ó ní kí ni mo fẹ́ kí Jídé ṣe. Mo ní kó mú ẹnu rédíò yẹn, kó sọ ẹni tó ṣe bátìrì fún Ìpetu.

Jídé mú un. Ó kùn nǹkan sínú rẹ̀. Sísítà Táyọ̀ ní àwọn ò gbọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó ní Bàbá Bátìrì tó wà l'Óṣogbo ló ṣe é, àwọn àti ọmọ wọn obìnrin. Sísítà ní ó ń já, kó rọra tún un sọ. Kò já rárá, èmi ni mo ṣe bátìrì náà, mo mọ̀. Ó tún un sọ.

Ó gbé e kalẹ̀, òógùn bò ó. Bàámi, tó ń gbọ́ ìrìn eku lórí àjà, wá fi ọwọ́ sí etí, wọ́n ní, “Jídé, ọmọ mi, etí mi ti ń di. Kí lo wí?”

Ó sọ ọ́ nígbà kẹrin.

Àwọn kan ní ṣé mo dárí jì í. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ìgbà kẹrin. Ẹ̀kọ́ tí èmi kọ́ kò pọ̀: inú àpótí ni mo ń kọ orúkọ sí báyìí, níbi tí ọ̀dà ẹnikẹ́ni ò lè dé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba iṣẹ́ yín ṣe tirẹ̀ rí, báwo lẹ sì ṣe gbà á padà? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á, kí ẹ sì rí i pé ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀.