Òsì àti Òṣì Lórí Ibùsùn Mi

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Sùúrùlérè. Máàkì tí mo gé nítorí àmì abẹ́ s kò níye. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Òsì ni ọwọ́ tí a kì í fi jẹun. Òṣì ni ohun tí a kì í tọrọ. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ yóò rí bírò pupa." Ẹ wá gbọ́ bí èmi gan-an ṣe dà wọ́n pọ̀.

Èjìká ọ̀tún mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lọ́sàn-án, ó ń ṣe bí ọmọ tó gbọ́n: mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ abọ́, kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, yóò máa ta mí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oorun tí n kò rí sùn lóru wá ń gbé mi lọ lójú ọ̀sán, débi pé mo tòògbé níbi tí mo ti ń ka Bíbélì fún ìjọ. Àlùfáà rọra ní kí n sinmi ná, pé bí ara mi ò bá yá, arábìnrin kan yóò gba ipò mi pátápátá. Arábìnrin yìí kan náà ló kà á fún ìjọ pé Nóà kan ọkọ́, tí gbogbo ìdílé rẹ̀ sì wọ inú ọkọ́ náà.

Aládùúgbò mi ní Ìpọ̀nrí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ, ti mọ ohun tó ń ṣe mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

"Mọ́mì, wọ́n ń lù yín lójú àlá ni. Àìsàn wo ló ń wo aago kó tó dé?"

"N kò rí oorun sùn, ibo ni mo ti fẹ́ lálàá?"

"Ọgbọ́n wọn gan-an nìyẹn!"

Ó fún mi ní òróró. Mo fi í pa èjìká, ó ba aṣọ ibùsùn mi jẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba ìwọ̀nba oorun tí ìrora ṣẹ́kù fún mi.

Níkẹyìn, mo lọ sí ọsibítù, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Obìnrin tó wọlé kúnlẹ̀ lójijì. "Tíṣà wa!" Mo ti kọ́ ọ rí. Ó gbé apá mi sókè, mo ké.

"Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ fi ń sùn, mà?"

"Ọ̀tún."

"Èjìká wo ló ń dùn yín?"

"Ọ̀tún."

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tí kò mọ ení lé èjì. Ó ní oríkèé náà ti wú. Bí mo bá sùn lé e, gbogbo ara mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ àti ariwo ń gba ọkàn mi. Lóru, ìrora nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ yí sí òsì, mà, kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá ọ̀tún ró níwájú yín."

"Òsì kẹ̀! Èmi kì í fi òsì sùn."

Ìyá mi tó bí mi, ọmọ Ìbàdàn ni, kò sì fi ṣ sẹ́nu rí. Láti kékeré ló ti ń jí wa pé, "Ẹ yí padà! Ẹni bá fi òsì sùn, òsì ni yóò bá a jí." Ẹnu rẹ̀ kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, ara tèmi náà kò sì yà wọ́n láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Mà, òsì ni mo pè, mi ò pe òṣì. Ẹ̀yin lẹ gé máàkì méjì mi lórí ẹ̀!"

Mo yí sí òsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì láti wò bóyá òṣì ti dé. Ẹ̀fọn nìkan ni mo bá. Mo ṣe eré ìdárayá tó fún mi láràárọ̀, pẹ̀lú ìkùnsínú. Díẹ̀díẹ̀, oorun padà.

Ní Sunday tí wọ́n tún pè mí láti kàwé, aládùúgbò mi, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, sọ sí mi létí: "Mọ́mì, òróró mi mà ti ṣiṣẹ́!"

Mo fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìjọ ń dúró. Mo lọ síwájú, mo ṣí Bíbélì, mo sì kó ìdílé Nóà kúrò lórí ọkọ́, mo dá wọn padà sínú ọkọ̀.