Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Ọ̀gá

Sípù ni mo ń rán mọ́ síkẹ́ẹ̀tì yúnífọ́ọ̀mù kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Máfolúkù. Mo ti fi òwú funfun tọ́ ọ mọ́lẹ̀, mo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ku kí n tẹ maṣíìnì, ni fóònù mi bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà. Àwọn tó ni ìkànnì tí a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó fi gèlè búlúù yà. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: “Ọmọ mi, báwo ni iṣẹ́? Jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Dá a padà fún mi kíákíá.”

N kò ní purọ́: mo ti tẹ mẹ́ta nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí n tó dúró.

Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa lè máa rò pé mo gọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, òfin tí ó sì kọ́kọ́ kà fún mi ni pé tí òun bá ti ní “Mú un wá,” n kò gbọdọ̀ béèrè pé “Kí ni?” Yóò na ọwọ́ sẹ́yìn láì wojú ẹnikẹ́ni, ìwọ ni o máa mọ̀ bóyá sísọ́ọ̀sì ló fẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ tí a bá gba fírídọ́ọ̀mù, a máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, a ó sì sọ pé títí ayé wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa. A kì í fi ṣeré. Àwa mẹ́tàlélógún ló ti kọ́ṣẹ́ yanjú lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, n kò sì rò pé ẹnì kan wà nínú wọn tó máa bi í pé kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà mẹ́fà ṣe.

Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni pé ọ̀gá kì í kọ nǹkan sórí fóònù. Ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, oríkì mi ló sì máa fi ń bẹ̀rẹ̀, maṣíìnì á máa dún lẹ́yìn rẹ̀. Mo pa nọ́ńbà mẹ́ta náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ojú mi ti rí i rí ni. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń múra àti wọ yunifásítì, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Òṣòdì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló bá wa ṣí ímeèlì. Òun ló yan páásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi síbẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gbọọrọ kan tó kún fún ti ọmọ oníkálukú. A tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a wá nílò ímeèlì náà, ó ti kó kúrò ládùúgbò, ìwé gbọọrọ sì bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan la fi sá sókè sá sódò kí a tó rí ọ̀nà gbé e gbà.

Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti jẹ́ kọ́kọ́rọ́, èmi fúnra mi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá gbé fóònù lọ fún àtúnṣe, wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà tí èèyàn fi tì í sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. N kò ní kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kí n tó ya pépà yẹn, kí n sì pààrọ̀ nọ́ńbà. Páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi kò jọ ti báǹkì, kò sì sí orúkọ ọmọ kankan nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń ti fóònù bí ẹni ń ti ilé. Mo ní ilé náà ni.

Mo pe ọ̀gá lórí ìlà lásán, kì í ṣe lórí ìkànnì tí ọ̀rọ̀ náà gbà wá. Ó dún títí, wọn kò gbé e. Mo tún un pè. Nígbà tí kò tún gbé e, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Aílégùn.

Ọ̀gá jókòó sídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Fóònù rẹ̀ wà lórí ankárá kan tí ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, kò sì gé ankárá náà. Ìyẹn ló já mi láyà, nítorí n kò rí i rí kó sàmì saṣọ tán kó má gé e.

Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ta ló ránṣẹ́ sí ọ?” ó ní. “Àbí o tún ti ba aṣọ aláṣọ jẹ́?”

“Rárá, mà. Mo pè yín, ẹ ò gbé e.”

“Fóònù yìí ya wèrè láàárọ̀ yìí. Ó ní èmi kọ́ ni mo ni ara mi.”

Ó wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Ẹnì kan ló pè é láàárọ̀, ó ní akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ lòun, pé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìpàdé orí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́fà máa wọlé, kí ọ̀gá kà á síta fún òun.

“Mo sì kà á,” ó ní. “Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kó má baà ṣì í kọ.”

“Akọ̀wé yín kọ́ nìyẹn, mà.”

“Mo ti mọ̀ báyìí. Má tún fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i fún mi.”

Mo bá a fi nọ́ńbà rẹ̀ wọ ìkànnì náà lákọ̀tun. Kóòdù mìíràn wọlé sórí ìlà rẹ̀. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

“Ṣé ìwọ ò lè kàwé ni?”

“Mo lè kà á, mà. Tiyín ni.”

Ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan síta. Mo ní kó má pè é. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni olè náà já kúrò lórí rẹ̀. Àmọ́ ó ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ tì í kí a tó dé, ìkànnì náà sì ní kí a dúró fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó ṣí i fún wa.

Olè kò lè kọ nǹkan mọ́ lórúkọ ọ̀gá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti kọ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù ránṣẹ́ yóò pàdánù ojú ewé tirẹ̀, àti ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀, olè náà yóò sì tún gbé orúkọ òun náà kiri. Kò sí bí a ṣe lè dá a dúró àyàfi kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn.

“Ẹ máa pè wọ́n, mà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Kí n ní kí ni?”

“Pé kí wọ́n má ṣe ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. “Iye ọdún tí mo fi kọ́ yín kẹ́ ẹ máa ṣe é, o fẹ́ kí n fi ọ̀sán kan bà á jẹ́. Kí n wá máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé wọ́n sọ mí di òmùgọ̀?”

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ó sì ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Mo yọ ìwé ẹ́sásáìsì kan nínú báàgì mi, èyí tí mo kọ nọ́ńbà gbogbo wa sí pẹ̀lú ọdún tí oníkálukú gba fírídọ́ọ̀mù. Mo ṣí i sórí ankárá náà níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó sì nawọ́ sẹ́yìn láì wojú mi. Mo gbé awò ojú rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ pè kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kẹta wà ní Ìsọlọ̀, níbi tó ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀. Kí ọ̀gá tó sọ ọ̀rọ̀ tán ló ti dáhùn.

“Mo ti fi í ránṣẹ́, mà. Mo fi maṣíìnì sílẹ̀ ni mo fi í ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní kíákíá.” Nígbà tó yá ó ní, “Kò jẹ́ kí n wọlé mọ́, mà,” ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀gá gbé fóònù náà fún mi. Mo sọ ohun tó máa ṣe fún ọmọ Ìsọlọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Orí bá a ṣe é, olè kò tíì ráyè fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í. Ó wọlé. Mo ní kó fi tirẹ̀ tì í lójú ẹsẹ̀, kó má sì sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ọ̀gá ti bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Kò tilẹ̀ bi mí,” ó ní. “Kò bi mí ní nǹkan kan.”

N kò ní láti rọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń pè wọ́n tẹ̀ léra, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé, “Olè lo orúkọ mi. Mo ka kóòdù fún un. Ìwọ má fún ẹnikẹ́ni ní tìrẹ, kódà kó jẹ́ èmi.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwọ̀n aṣọ.

Ẹni tó kéré jù nínú wa ló kù. Òun ti gbọ́ ní tirẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Wọ́n ní àwọn olè yìí ń fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.”

Ojú ọ̀gá le. “Èmi? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́?”

“Olè náà lè sọ bẹ́ẹ̀, mà.”

Mo tẹjú mọ́ ankárá. Mo rò pé yóò pa fóònù náà ni. Ṣùgbọ́n ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìró aláwọ̀ ewé. O gbàgbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí. O fi í pamọ́ sábẹ́ maṣíìnì fún ọjọ́ méjì.”

Ẹ̀rín bú jáde lórí fóònù. “Ọ̀gá! Ẹ mọ̀ pé mo fi pamọ́?”

“Ta ni kò mọ̀? Ó ń rùn.”

Bí ọ̀gá ṣe rí àmì wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ba aṣọ kan jẹ́, kì í sì í sọ ti ẹnì kan létí ẹlòmíì. Yóò pè ọ́ sẹ́yìn ilé, yóò bá ọ wí, ó parí. Ohun tó jẹ́ pé òun àti ọmọ iṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ló wà nílẹ̀ fún oníkálukú. A tún pe gbogbo wọn padà nítorí rẹ̀: tí ọ̀rọ̀ kan bá wá lórúkọ ọ̀gá, kí wọ́n bi í pé aṣọ wo ni àwọn bà jẹ́. A ti yan àmì mìíràn fún oníáyọ́ọ̀nù yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tirẹ̀ síbí. Tèmi kò ní wọ inú ìwé.

Ọjọ́ méje pé, wọ́n sì ṣí ojú ewé ọ̀gá fún un. Mo lọ sí Aílégùn kó lè fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ tì í. Ó ní ọjọ́ ìbí òun lòun fẹ́ lò.

“Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n máa ń gbé e síta lọ́dọọdún pẹ̀lú àwòrán yín.”

“Ọdún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?”

“Ó wà lára pátákó yín níta.”

“Ọjọ́ tí èmi náà gba fírídọ́ọ̀mù?”

“Ẹ ti sọ ọ́ fún mi báyìí, mà.”

Ó pòṣé. “Yí ojú rẹ sí ògiri.”

Mo yí i síbẹ̀, mo ń ka àwọn àwòrán aṣọ tó wà lára ògiri títí ó fi ní kí n yíjú padà. N kò mọ nọ́ńbà náà títí di òní, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí nígbà tí mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ kí n fi nọ́ńbà oníbàárà kan tí a jọ mọ̀ ránṣẹ́ sí òun. Mo ní, “Yẹ́ẹ̀sì, mà,” mo sì ti ń wá ìwé mi nínú báàgì. Ọ̀gá kò pa fóònù. Mo ń gbọ́ bí maṣíìnì rẹ̀ ṣe ń dún, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi dá a dúró.

“Ìwọ tí o kọ́ wa,” ó ní. “Bi mí ná.”