A Kì Í Dìbò Yan Ẹni Tó Ṣiṣẹ́

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nawọ́ sókè láti dìbò lórí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú wọn, inú bí mi gan-an. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, gbogbo nǹkan ló sì di ìbò. Wọ́n ń dìbò yan alága àdúgbò, wọ́n ń dìbò yan olórí ẹgbẹ́ akọrin. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń fi ìbò pín máàkì.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ṣómólú ni mo ti ń kọ́ni, lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajúláyé. Ohun tí mò ń kọ́ wọn ni kíkọ ètò, ìyẹn ìlànà tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ ohun tó máa ṣe. Kọ̀ǹpútà wa kò tó nǹkan, nítorí náà mo máa ń pín wọn sí ọ̀wọ́ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan. Ọ̀wọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá Fẹ́mi ra kọ̀ǹpútà sílé fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí bọ́tìnì. Múfú jẹ́ ọmọ Bàrígà, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé tí kò lè wọ̀. Rìsì ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Fọlá Agoro, Rìsì bẹ̀ ẹ́ títí kí bàbá náà tó gbà kó wá sọ́dọ̀ wa, àdéhùn wọn sì ni pé tí kò bá ríṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń lọ.

Ètò tí wọ́n kọ máa ń ṣírò iye tí ilé ìtẹ̀wé máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà: bébà, yíǹkì, gígé, dídì, àti bébà tó máa bàjẹ́ kí iṣẹ́ tó jáde dáadáa. Alájì tó ni ilé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù lọ lòun máa gbà síṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Dírẹ́tọ̀ wa, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́, pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó ní ológun ti lọ, kí wọ́n dìbò. Fẹ́mi nawọ́ fún ara rẹ̀. Múfú náà nawọ́ fún Fẹ́mi, torí ilé Fẹ́mi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ojú sì ń tì í láti ta ko ẹni tó ń gbà á lálejò. Rìsì kò nawọ́ rárá. Dírẹ́tọ̀ ní kí n kọ orúkọ Fẹ́mi sókè pátápátá. Mo ní mi ò kọ ọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mísíìsì, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Iṣẹ́ àjọṣe ni. Kí ló wá ń dà ọ́ láàmú?"

"Òótọ́ ni, sà," ni mo fi dá a lóhùn. "Àmọ́ mo fẹ́ mọ ọwọ́ tó sọ̀yà àti èyí tó wà nínú àpò."

Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé máa ń rí. Wọn kì í wo ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ ohun tó máa tẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ìyá àgbà kọ lẹ́tà kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti kọ̀ǹpútà, ojú wa á fọ́.

Nígbà tí iná dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́tọ̀ jókòó, Alájì náà jókòó. Ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: tí oníbàárà bá gbé bébà tirẹ̀ wá ńkọ́? Kí wọ́n tún ètò náà ṣe kó lè mọ iye tí a máa gbà.

Fẹ́mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Ó yí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà padà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé Alájì sókè, ó dùn ún wò. Àmọ́ owó bébà ṣì wà nínú iye tó jáde. Ó gbìyànjú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ló bá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ibi ìṣirò yẹn, Rìsì ló máa ń pè é, èmi á wá máa tẹ̀ ẹ́."

Dírẹ́tọ̀ wúkọ́.

Nígbà tó kan Rìsì, ìka kan ló fi ń tẹ bọ́tìnì, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Dírẹ́tọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì eré sísá. Rìsì rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó yọ bébà kúrò, iye náà sì jáde. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Múfú kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kàn wo ohun tí Rìsì ṣe, ó mi orí. Ó ní ó kù síbì kan: tí oníbàárà bá gbé ìwọ̀n bébà tó fẹ́ tẹ̀ wá géérégé, èyí tó máa bàjẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ò ní pé, ìjà á sì dé. Alájì gbá itan ara rẹ̀, ó ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí òun rí. Nígbà tí mo pe Rìsì padà wọlé, òun alára gbà pé Múfú ló gbé ọ̀rọ̀ bébà tó ń bàjẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, òun kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe pín máàkì nìyẹn. Rìsì ló lé iwájú. Múfú tẹ̀ lé e, torí bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń rìn káàkiri, irọ́ ni ètò náà ì bá máa pa. Mo fún Fẹ́mi ní ti títẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ láìsí àṣìṣe àti ti ẹwà tó fi sí i, ó sì yege. Mi ò fi jẹ ẹ́ níyà, ọmọ náà kì í ṣe olè.

Dírẹ́tọ̀ ní mo fẹ́ ba òun jẹ́ lójú bàbá Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ òun. Ó tún pe àwọn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n dìbò lórí máàkì mi. Fẹ́mi ń wolẹ̀. Múfú nawọ́ fún Rìsì lọ́tẹ̀ yìí. Rìsì tún ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ìwọ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà," ni Dírẹ́tọ̀ wí, "o ò dìbò fún ara ẹ?"

"Mi ò dìbò, sà. Iṣẹ́ ni mo ṣe."

Mo buwọ́ lu máàkì náà, mo gbé e lé Dírẹ́tọ̀ lọ́wọ́. Mo ní tó bá fẹ́ yí i, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, tèmi kò ní í sí níbẹ̀. Ó ní kí n lọ wá iṣẹ́ míì. Mo gbé báàgì mi. Alájì, tó ti fojú ara rẹ̀ rí i, kò dúró de ìwé ẹnikẹ́ni kó tó gba Rìsì síṣẹ́.

Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì ní Ọbaníkòró, kò sí ibi tí mo kọ́ni tí wọn ò ti bẹ̀ mí pé kí n fún gbogbo ọ̀wọ́ ní máàkì kan náà kí àlàáfíà lè wà. Mi ò gbà, mi ò sì ní í gbà. Kí ọ̀bọ máa ṣiṣẹ́ kí ìnàkí máa jẹ, ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà. Ẹni tí máàkì mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, àga wà níwájú kọ̀ǹpútà, kó wá jókòó.