Àrọ̀ Tí Ìyá Mi Gbé Wá Láàyè

Ẹja tó ti kú kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹja ṣe ń mí. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ èyí, títí mo fi lọ kó àrọ̀ nílé ìyá mi ní Aráròmí, níbi tí a ti ń kọ́lé sórí omi.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba wa nígbà náà. Mo ti gboyè àkọ́kọ́, mo sì ń kàwé lé e ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè, níbi tí ilẹ̀ ti le, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Bí omi òkun bá ya wọ irà ẹ̀yìn ilé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló dé tí àrọ̀ ibẹ̀ kì í kú? Àrọ̀ odò òkè kú lójú mi nínú irú omi oníyọ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tó ń kọ́ mi fẹ́ràn ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ó ní bí n kò bá rí àrọ̀ ilé wa gbé wá láàyè kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, kí n lọ wá nǹkan mìíràn kà. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù.

Mo wálé, mo dẹ ìgèrè sínú irà, mo sì rí ẹja tó tó mi. Mo dà á sínú àmù ńlá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún ìyá mi pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ló ń lọ. Inú wọn dùn. Mo wá wọ ọkọ̀ lọ sí Òde Ugbò láti wá ẹni tí yóò gbé mi dé ibi tí lọ́rì wà.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, àmù ti ṣófo. Gbogbo àrọ̀ mi wà lórí iná, ìyá mi ti ká a bó ti yẹ, ìrù lẹ́nu, igi ṣóńṣó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín wa, ẹja tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn kò gbọdọ̀ kúrò nílé láìyan. Bó bá rà dé ọwọ́ ẹni tí a gbé e fún, ìtìjú obìnrin ilé ni. Ohun tí ẹja wọ̀nyẹn fi ń mí, tí mo fẹ́ wò nínú orí wọn, ìyá mi ti yọ ọ́ dà sínú omi abẹ́ ilé.

“Ta ní í gbé ẹja tútù fún ọ̀gá ẹni?” ni ìyá mi bi mí.

Inú bí mi. Mo ní láàyè ni mo fẹ́ ẹ, n kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkọ̀ fi gbéra. Nígbà tí mo gbé ẹja yíyan náà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, òyìnbó fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn, ó sì tún rán mi létí pé ọdún ń lọ.

N kò ránṣẹ́ sílé mọ́. Àfi bí mo ṣe rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tí kò kúrò lórí omi rí. Garawa kan tí wọ́n fi ewé bò wà lọ́wọ́ wọn. Orí itan ni wọ́n gbé e lé nínú lọ́rì, omi rẹ̀ sì ti rin aṣọ wọn dé orúnkún.

“Ó ṣì ń mí,” ni wọ́n wí. “Má bínú mọ́.”

Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n òyìnbó wà nítòsí.

Ìyá mi dúró tì mí fún ọjọ́ mélòó kan. Mo da ẹja sínú ọpọ́n gíláàsì ńlá, mo ń fi iyọ̀ kún omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń ṣọ́ bó ṣe ń gòkè wá gbé afẹ́fẹ́. Ìkankan kò kú. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń yin àrọ̀ bí ẹni ń yin ọmọ tó ṣe dáadáa nílé onílé.

Ó wá ku kí n wo inú orí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó tutù. Mo gbé èyí tó tóbi jù lé pátákó, mo fi igi lu orí rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ là á. Ohun pupa tó pẹ̀ka bí igi kékeré wà níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú rẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn.

Ìyá mi wo pátákó, wọ́n wò mí.

“Ṣé ohun tí mo gbé e wá láàyè fún nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n mú garawa wọn nílẹ̀. “Bí mo ṣe lu tèmi náà nìyẹn,” ni wọ́n wí, “tí o kò fi bá mi sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra.”